Òkè Tí Kò Ní Ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ òkè ni mo gbé wá lónìí, àwọn òkè agbègbè Bantè àti Savalou ní Benin, tí a ti ń wò láti ẹnu ọ̀nà ilé wa láti kékeré, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gùn rí, nítorí pé ọ̀nà kan kò lọ sórí wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí títì. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Ìdáàṣà, tó gba Savalou kọjá sí Bantè, tó ń lọ sí Bassila àti Djougou, òkè ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì. Òmíràn rí roboto, àpáta ara rẹ̀ dán, igi kò sí lára rẹ̀ àfi nísàlẹ̀. Òmíràn gùn gbọọrọ, igbó bò ó láti ẹsẹ̀ dé orí. Àgbẹ̀ ń fi wọ́n mọ ibi tí oko rẹ̀ wà. Darandaran ń fi wọ́n júwe odò fún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi alùpùpù zemidjan kérò kọjá lábẹ́ òkè kan lójoojúmọ́ pé kí ló wà lórí rẹ̀. Yóò ní òun kò mọ̀, tàbí kó ní wọ́n ní ejò pọ̀ níbẹ̀. Ebè iṣu parí sí ẹsẹ̀ òkè. Oko kajú parí sí ẹsẹ̀ òkè. Ọ̀nà màlúù pàápàá, ẹsẹ̀ òkè ló yí po, kò gùn ún. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ẹ̀gún, ìtàkùn àti àpáta ló kù.

Ibẹ̀ ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Olùkọ́ wà nínú wa, télọ̀ wà, ẹni tó ń tún alùpùpù ṣe wà, obìnrin kan sì wà tó ń ta aṣọ lọ́jà Savalou, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wa lọ. A kì í gun òkè gba owó, a kì í sì í wá ohun àmúṣọrọ̀ lọ. Ìbéèrè tí àwọn ìyá wa máa ń bi wa kò sì yí padà rí: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ sọ nù síbẹ̀?”

Ìbéèrè àgbà ni, mi ò ní fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Mo gbà pé a sọ nǹkan nù síbẹ̀ lóòótọ́, ó sì ti pẹ́ tó ti sọ nù.

Àwọn òkè wọ̀nyí ní ọ̀nà nígbà kan. Ní ọ̀rúndún 18 àti 19, nígbà tí ọmọ ogun Dàhọ̀mì ń ti Abomey, olú-ìlú wọn, wá kó àwọn Máhì àti àwọn Yorùbá apá ibí lẹ́rú, orí òkè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sá lọ. Òkè gbè wọ́n. Ìdáàṣà mọ̀ ọ́n, Ṣábẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n, àwọn Máhì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó wà lókè rí eruku ogun kí ogun tó dé, òkúta tí wọ́n bá sì yí sílẹ̀ láti òkè ń ṣe iṣẹ́ tí ìbọn ìgbà náà kò lè ṣe. Lọ́hùn-ún lápá ìlà-oòrùn, ní ilẹ̀ Nàìjíríà, àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè tiwọn títí di 1923 kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ní tiwa, nígbà tí agbára Abomey wó lẹ́yìn ogun tí àwọn Faransé bá Gbẹ̀hánzìn, ọba Dàhọ̀mì, jà láti 1892 sí 1894, kò sí ohun tó tún ń dá ènìyàn dúró lórí àpáta. Omi wà nísàlẹ̀, ilẹ̀ tó gba iṣu wà nísàlẹ̀, nígbà tó yá wọ́n la títì gba ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ ènìyàn ló ń mú ọ̀nà wà láàyè. Nígbà tí ẹsẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́ mọ́, òjò ọdún mélòó kan tó fún igbó láti gbà á padà.

Ìdí nìyẹn tí àyà wa fi máa ń já nígbà tí a bá la ẹ̀gún kọjá, tí a dé orí àpáta pẹlẹbẹ kan tí a rò pé kò sẹ́ni tó débẹ̀ rí, tí a wá bá ihò rébété kan lójú àpáta náà, tó dán bí inú àwo, tó jìn ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Ẹni kan ló jókòó síbẹ̀ lọ ọkà. Ọjọ́ kan kọ́ ló fi lọ̀ ọ́. Ọwọ́ ìyá, ọwọ́ ọmọ, ọwọ́ ọmọ ọmọ ló wà nínú ihò yẹn. Igi osè náà, ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀. Bí ẹ bá rí osè ńlá níbi tí ilé kan kò sí, ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dáadáa, ó sábà máa ń jẹ́ pé ènìyàn ti gbé ìtòsí rẹ̀ rí. Àpáàdì ìkòkò lè wà níbẹ̀. A máa ń wò ó, a máa ń dá a padà síbi tó wà. Ẹni tó bá gbé e sápò ti ya ojú ìwé kan kúrò nínú ìtàn wa.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan há a láàárín. Ní 1798, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ James Rennell ya àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì fa òkè ńlá kan la apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà já, ó pè é ní Òkè Kong. Rennell kò dé ibẹ̀ rí. Àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ń wo tirẹ̀ kọ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, títí Louis-Gustave Binger, ará Faransé, fi fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà láàárín 1887 sí 1889, tó sì rí i pé òkè ńlá kan báyẹn kò sí níbẹ̀. Láàárín àkókò kan náà, àwọn òkè tó wà ní ti gidi wà níhìn-ín. John Duncan, ará Scotland, gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ Gezo, ọba Dàhọ̀mì, ó gba ilẹ̀ Máhì kọjá ní 1845, ó rí wọn, ó sì kọ nípa wọn. Àwọn tó mọ orúkọ òkè kọ̀ọ̀kan, tó mọ ibi tí omi ti ń sun lára rẹ̀, wà nísàlẹ̀ níbí, tí wọ́n ń gbin iṣu. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi ń tẹ òkè tí kò sí sínú ìwé nílẹ̀ òkèèrè, tí ẹnikẹ́ni kò bi àgbẹ̀ kan léèrè.

Òkè tí kò ní ọ̀nà, ẹnu ènìyàn ni ọ̀nà rẹ̀ wà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi lónìí nìyẹn. Òun ló sì ń kó mi láyà sókè, nítorí pé àwọn ẹnu tó mọ̀ ọ́n ń dínkù.

Kí a tó gun òkè kan, a máa ń kọ́kọ́ lọ sí abúlé tó wà lábẹ́ rẹ̀, láìgbé àdá, láìmú báàgì. Olórí abúlé la ó kí. A kì í mú ọ̀rọ̀ òkè jáde kí a tó jókòó, kí a tó mu omi tí wọ́n bù fún wa, kí a tó béèrè oko àti àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà la ó béèrè ta ló ni òkè. Òkè mìíràn ní òrìṣà, ó ní ìdílé tó ń bọ ọ́, ó ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ débẹ̀, ó ní ibi tí a ti ń bọ́ bàtà. A ti dé abúlé kan rí tí bàbá kan gbọ́ tiwa tán, tó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ìyẹn, a kì í gùn ún.” A dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin inú wa kúnlẹ̀, a dúpẹ́, a sì gba ọ̀nà ilé. Òkè yẹn ṣì wà níbẹ̀, a kò gùn ún, a kò sì ní gùn ún. Ẹni tó bá ti dé ojúbọ Dankoli nítòsí Savalou, tó rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń kan èèkàn igi kékeré mọ́ ọn, tí wọ́n ń da epo pupa sí i, tí wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n ń wá, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí pé kí ló dé tí a fi ń tọrọ àyè.

Bí wọ́n bá ti fún wa láyè, ọdẹ la ó wá lọ. Ọdẹ ló mọ ibi tí oyin wà nínú pàlàpálá àpáta, kí a má baà fi ọ̀pá gún un. Ọdẹ ló kọ́ wa pé kí a má tẹ̀lé ipa omi gòkè. Ojú ń tan ènìyàn níbẹ̀, nítorí pé láti ìsàlẹ̀, kòtò tí omi gbà wálẹ̀ máa ń jọ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n omi ló ń bọ́ igi àti ìtàkùn, bí ẹ bá ti wọ inú kòtò náà tán, ìtàkùn á so yín mọ́lẹ̀, àdá á sì sú yín kí ẹ tó dé ìdajì. Egungun òkè ni kí a gbà, ibi tó yọ síta gbọọrọ láti orí dé ẹsẹ̀. Ilẹ̀ kò nípọn níbẹ̀, koríko ló pọ̀ ju igi lọ, ènìyàn sì lè rí iwájú.

Nígbà òjò, láti bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gun òkè. Koríko ga ju ènìyàn lọ, ewéédò bo àpáta, ó ń yọ̀. Ìgbà ọyẹ́ ló dára, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, nígbà tí iná ìgbẹ́ ti kọjá. Ìyẹn náà ní tirẹ̀: kùkùté koríko tó jó máa ń gún àtẹ́lẹsẹ̀, bàtà sílípáàsì kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì fẹ́ fi iná la ọ̀nà fún ara yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró sílé. Oko kajú ẹlòmíràn wà lábẹ́ òkè, igi tó gba ọdún mélòó kan kó tó so, ìrọ̀lẹ́ kan ló ń gbà kó jó tán.

Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé àdá ni iṣẹ́ náà. Àdá méjì tó fún ènìyàn márùn-ún. Ẹni tó wà níwájú ń gé kìkì ohun tó dí i lọ́nà, kì í sá igi lára láti fi ṣàmì, ẹni tó ń tẹ̀ lé e sì ń wo ilẹ̀. Paramọ́lẹ̀ kì í sá fún ẹsẹ̀ bí ejò mìíràn. Ó máa ń dúró jẹ́ẹ́ nínú ewé gbígbẹ, àwọ̀ rẹ̀ àti àwọ̀ ewé sì dọ́gba, nítorí náà ọ̀pá ló gbọdọ̀ ṣáájú ẹsẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá ni a máa ń fi sí ipò kejì, kí gbogbo ènìyàn lè máa rìn bó ṣe ń rìn. Bí ẹ bá fi í sẹ́yìn, yóò máa sáré kó lè bá yín, ẹ̀yin ti sinmi tán nígbà tó bá dé, ẹ ó tún dìde, òun ò ní sinmi rárá. Àárẹ̀ báyẹn ló ń mú kí ènìyàn fi ẹsẹ̀ sí ibi tí kò yẹ. A ò gbọdọ̀ jìn síra ju ibi tí ohùn lè dé. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni ẹ̀yìn á ké “hóò,” ẹni iwájú á dáhùn.

Ẹ máa wẹ̀yìn wò pẹ̀lú. Òkè tí ẹ gùn ní òwúrọ̀ kò jọ èyí tí ẹ óò sọ̀ ní ọ̀sán. Igi tó na ẹ̀ka kan sí ọ̀tún nígbà tí ẹ ń lọ, òsì ló nà án sí nígbà tí ẹ ń bọ̀, òjìji sì ti yí sí apá kejì. Fóònù ń ràn wá lọ́wọ́, a máa ń wo àwòrán sátẹ́láìtì kí a tó kúrò nílé. Ṣùgbọ́n ewé ni sátẹ́láìtì rí, kò rí ohun tó wà lábẹ́ ewé.

Kò rí yèèrèpè, fún àpẹẹrẹ. Ìtàkùn rẹ̀ kò le, èso rẹ̀ ló ń ṣe ẹni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń gbẹ, irun wẹ́wẹ́ aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú á bo èso náà, bí oòrùn bá tàn sí i ó rẹwà. Ọ̀rẹ́ wa télọ̀ fi èjìká kan án lọ́jọ́ kan, láìmọ̀. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ó ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó ń fi èékánná họ ọrùn, bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń họ ọ́ ló ń gbin irun náà wọ ara sí i. Obìnrin wa tó ń ta aṣọ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ní kó má họ ọ́ mọ́. Ó kó eérú tútù nídìí kùkùté kan tó ti jó, ó fi pa á lọ́rùn jẹ́jẹ́, ó sì ń fi etí ìró rẹ̀ gbọn eérú náà kúrò díẹ̀díẹ̀ títí irun náà fi bá a jáde. A jókòó níbẹ̀ pẹ́. Nígbà tó rọ̀ ọ́, kò sí ẹni tó sọ pé ká padà, òun ló kọ́kọ́ dìde.

Lẹ́yìn igbó ni àpáta. Àpáta òkè wa ń bó. Oòrùn ọ̀sán ń gbóná sí i, òtútù òru ń mú un, ọdún lé ọdún, títí awẹ́ òde á fi yọ kúrò lára ti inú láìtíì ṣubú. Ẹ fi ọ̀pá kàn án kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Èyí tó le, ohùn rẹ̀ kúrú. Èyí tó ti yọ, ó ń dún bí ẹni pé nǹkan ṣófo lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ó ṣófo lóòótọ́. Ẹ yí i ká. Ẹ ó sì rí koríko kan tó tẹ́ ara rẹ̀ sórí àpáta lásán, níbi tí kò sí erùpẹ̀ kankan. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Afrotrilepis pilosa, orí irú òkè àpáta báyìí ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ilé rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó ní ó ti kú, ó gbẹ, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bí òjò bá rọ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan ló ń tún padà di ewé tútù. Ẹ má fi ọwọ́ dì í mú láti fi gòkè. Ó lè ṣí kúrò lójú àpáta, kó sì gbé yín lọ, ohun tó sì pẹ́ lórí òkè ju ẹni tó dàgbà jù nínú wa lọ á ti bàjẹ́ nítorí ìgbésẹ̀ kan.

Orí òkè kò ga púpọ̀ lọ́dọ̀ wa, mo mọ̀. Agou ní Togo ga tó mítà 986. Sokbaro tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ pé ó ga jù ní Benin, mítà 658 ni. Àwọn tiwa níbí kéré sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró lórí òkè kan ní ìwọ̀-oòrùn Bantè lówùúrọ̀ tí eruku ọyẹ́ kò pọ̀, á rí igbó Agoua tó tẹ́ lọ sí ìhà Togo, á rí ibi tó dúdú àti ibi tó ti ṣí sílẹ̀, á rí èéfín àwọn tó ń sun èédú. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ igbó yẹn nínú ìpàdé púpọ̀. Orí òkè ni mo ti mọ bó ṣe tóbi tó, àti ibi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ láti etí wọ inú.

Àwọn ẹlòmíràn wà láyé tí òkè tí kò lọ́nà ń wù. Ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, ní àwọn òkè Adirondack, Robert Marshall àti àbúrò rẹ̀ George pẹ̀lú Herbert Clark tó ń fọ̀nà hàn wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1918, wọ́n sì gun òkè 46 parí ní 1925, gbogbo èyí tí wọ́n kà sí pé ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4,000. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò ní ọ̀nà nígbà náà. Àwọn tó tẹ̀lé wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà gbé agolo sórí àwọn òkè tí kò lọ́nà, ìwé wà nínú rẹ̀ tí ẹni tó bá dé á kọ orúkọ rẹ̀ sí. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n kó àwọn agolo náà kúrò, kí ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe má baà wà lórí òkè. Mo bọ̀wọ̀ fún ìpinnu wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tiwa yàtọ̀. Àmì ènìyàn wà lórí òkè tiwa kí á tó débẹ̀, àwọn ihò tí wọ́n ti ń lọ ọkà ni ìwé orúkọ tiwa. A kò nílò láti kọ tiwa kún un.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní kómúnù, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Cotonou tí ẹ fẹ́ kí arìnrìn-àjò máa wá síbí, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ àtẹ̀gùn, ẹ fẹ́ ọ̀dà funfun lára àpáta. Mo ti rí i ní Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ṣe àtẹ̀gùn síbẹ̀, wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn gòkè, ìyá arúgbó á sì rí ibi tí àwọn baba rẹ̀ sá pamọ́ sí. Ìyẹn dára, inú mi dùn sí i. Ẹ ṣe ọ̀kan báyẹn fún wa, tòsí ìlú, níbi tí àwọn onílẹ̀ bá fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọ̀nà tí ẹ bá là fún arìnrìn-àjò, alùpùpù ló máa kọ́kọ́ gbà á, ayùn ẹ̀rọ á tẹ̀lé e, àpò èédú á sì máa gba ibẹ̀ bọ̀. Igi tó wà lórí òkè wa lónìí, àìsí ọ̀nà ló dá a sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àwọn igbó ìjọba, Agoua àti Òkè Kouffé lápá àríwá. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ gbọdọ̀ rí àwọn aṣọ́gbó kó tó wọ̀ ọ́, wọ́n á sì sọ ibi tó yẹ àti ibi tí kò yẹ.

Owó tí ẹ bá sì ní, ẹ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ jókòó ti àwọn ọdẹ àgbà. Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, ní èdè Ìṣà, ní Máhì, ní Ifẹ̀, bí wọ́n bá ṣe ń sọ ọ́. Orúkọ òkè kọ̀ọ̀kan, orúkọ ìsun omi rẹ̀, ìdílé tó sá lọ síbẹ̀, ibi tí wọ́n gbà gòkè. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo sọ fún yín lónìí, ẹnu irú wọn ni mo ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọyẹ́ tó ń bọ̀, ẹ mú òkè kékeré kan. Ẹ kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Lítà mẹ́ta omi fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, gàrí àti ẹ̀pà tàbí àkàsà, aṣọ alápá gígùn, bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ fi ẹnu kò sí agogo kan tí ẹ ó yí padà, bí agogo náà bá lù tí orí òkè kù díẹ̀, ẹ yí padà, nítorí pé lọ́dọ̀ wa, bí oòrùn bá ti wọ̀, ilẹ̀ ti ṣú nìyẹn. Bí ẹ bá sì ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ má bọ́ sórí alùpùpù lọ tààrà. Ẹ padà sí ilé bàbá tó fún yín láyè, bó ti wù kí ó rẹ̀ yín tó, kí ẹ ka ara yín lójú rẹ̀. Bàbá ti ń ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè yẹn láti ọ̀sán. Bí kò bá rí yín nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, yóò rán àwọn ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì wọ inú ẹ̀gún yẹn lọ wá yín.